Ọ̀dà Pupa Lára Géètì Dókítà

Nùríyà ń fi ìdí ṣíbí tẹ ilá nínú ìkòkò kékeré, kí ó lè rọ̀ fún ẹni tí kò lè jẹ nǹkan líle. Ìrẹsì ti jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná ìjọba ti lọ láti ìdájí, ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ooru ti gba gbogbo ilé ìdáná. Ó mọ̀ pé Láfítà ọkọ òun kò ní jẹ ju ẹnu kan lọ. Síbẹ̀ ó ń sè é, nítorí bí obìnrin bá wọ ọsibítù ìlú Àmárà lọ́wọ́ òfo, kí ó tó dé ìdí ibùsùn ọkọ rẹ̀ ni àwọn ìyàwó aláìsàn yòókù yóò ti máa wò ó láti òkè délẹ̀.

Ràsánì, àkọ́bí rẹ̀, wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Òun ló sùn ti bàbá rẹ̀ ní ọsibítù mọ́jú.

“Ìyá, wọn ò wá wo Bàbá o.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn dókítà. Wọ́n wo ẹni ọ̀tún, wọ́n wo ẹni òsì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n rìn kọjá bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára tán, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á.”

“Dókítà Níbrásì ńkọ́?”

Ràsánì wolẹ̀. “Kò wá. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sí géètì ilé wọn lóru. Wọ́n ní ìran wa ń wá a.”

“Ìran ta ni?”

“Ìran tiwa, Ìyá.”

Nùríyà pa iná gáàsì. Kò bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá kọ irú ìwé yẹn sí géètì rẹ, o kì í jáde mọ́, ọmọ rẹ kì í lọ síléèwé, o máa jókòó sínú ilé títí àwọn àgbà yóò fi pàdé, tí wọn yóò fi sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí wọn kò bá tètè pàdé, ìbọn lè ṣáájú wọn dé. Àwọn ọlọ́pàá náà máa ń kà á bí wọ́n bá ń kọjá, wọn á sì yára rìn.

“O ò sọ fún dókítà mìíràn pé kó bá wa fọwọ́ sí ìwé oògùn náà?”

“Mo sọ fún mẹ́ta. Ọ̀kan ní kì í ṣe aláìsàn òun. Ìkejì ní òun ti fẹ́ relé. Ìkẹta tiẹ̀ bá mi sọ òótọ́. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i báyìí, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sí géètì nìyẹn.”

Ọ̀sán àná ni Dókítà Níbrásì kó gbogbo ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin kékeré ni, àìsùn ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu òótọ́, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò ní. Ó ní iṣẹ́ abẹ inú tí wọ́n ṣe fún Láfítà yọrí sí rere, ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jinná. Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí kì í ṣe kòkòrò tí a mọ̀, olu ni, mọ̀lẹ́bí èyí tó ń bo búrẹ́dì bí búrẹ́dì bá bu. Gbogbo oògùn tí wọ́n fi ń pa olu ni wọ́n ti fún un, olu náà kò kà wọ́n sí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ràsánì bi í pé ibo ni apẹja bíi bàbá òun ti kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò fi bò.

Ó ní, “Níbí ni. Ó ń gbé lára ibùsùn, lára aṣọ tá a ta yí i ká, lọ́wọ́ àwa gan-an. A ń fọ ibẹ̀, kò lọ. Mo ti pariwo títí, wọn ò fún wa ní ọṣẹ tó lè pa á, wọn ò sì fún wa ní yàrá tá a lè yà wọ́n sí.”

Ó wá sọ pé oògùn kan ló kù tí olu náà ṣì ń bẹ̀rù. Bàgdádì ló wà, lọ́wọ́ olùkọ́ òun àtijọ́. Bí òun bá fọwọ́ sí ìwé ní ọsibítù láàárọ̀ ọ̀la, tí wọ́n fi èdìdì lù ú, oògùn yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó létí yóò gbọ́ oògùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí Mutáṣárì, ẹ̀gbọ́n Láfítà, gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju “níbí ni” lọ.

Nùríyà ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Sájídì, ará ilé kejì, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Obìnrin yìí kì í kanlẹ̀kùn, kì í sì í gbàgbé búrẹ́dì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń fara dà á.

“Ìyá Ràsánì, ẹ ti gbọ́? Gbogbo ìlú ló ń yin Bàbá Nájì. Wọ́n ní ọkùnrin ṣì kù nílé yín.”

Bàbá Nájì ni Mutáṣárì. Nùríyà gba búrẹ́dì, ó dúpẹ́.

“Ọkọ mi ni mo fẹ́ kó kù nílé mi.”

“Ẹ má bínú o. Ọmọbìnrin yẹn náà ló ṣì í sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà tó ṣe abẹ fún àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, ó pa á tán, ó ní kádàrá ni, a sì jọ mu tíì. Kí ló dé tí èyí ò lè sọ pé kádàrá ni?” Ó sún mọ́ ọn. “Tó bá ṣe olu ni lóòótọ́, ẹ fi ọtí kíkan nù wọ́n lára. Òun ni mo fi ń pa èyí tó wà lára ògiri balùwẹ̀ mi.”

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Nùríyà ìbá rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kàn bo búrẹ́dì náà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu wọn tí Mutáṣárì fi dé. Ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní, ó sì na ẹsẹ̀ bí ẹni tó jẹ oyè.

“Ìyàwó, tíì dà?”

Nùríyà gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

“Àwọn ọmọ ló kọ ọ́. Èmi ni mo rán wọn.” Ó po ṣúgà. “Ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa. Ó ní níbí ni, ó ní lọ́wọ́ àwa gan-an. Ẹni tó jẹ́wọ́, kí la tún ń wádìí lẹ́nu ẹ̀?”

“Ó ní oògùn wà.”

“Kó gbé e wá. Kó sì san owó ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.”

“Ẹni tó ń sá fún ikú, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e wá? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ẹ̀gbọ́n.”

“Má pa òwe fún mi nílé àbúrò mi!”

“Ilé àbúrò yín ni. Mo fẹ́ kí àbúrò yín padà síbẹ̀ ni.”

Ìyá Sájídì ti yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò jáde. Mutáṣárì fi ìbínú gbé ife sílẹ̀ débi pé tíì dà sórí ẹní.

“Ta wá ni kí n fà? Olu? Ṣé olu ní ìran? Ṣé olu ní bàbá tí mo lè lọ bá? Ẹ sọ fún mi, ẹ ní géètì olu rèé, màá lọ síbẹ̀ nísinsìnyí!”

Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó hàn gbangba pé ó ti sunkún kí ó tó wá. Ọkùnrin tó bá sunkún tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìjà ló máa ń wá kiri. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí bínú sí i, mo sì káàánú rẹ̀.

Nùríyà bu kẹrosín sínú ìgò, ó mú àkísà, ó ní kí Ràsánì gbé òun lọ sílé Dókítà Níbrásì. Mutáṣárì bi í pé kí ló fẹ́ fi kẹrosín ṣe. Nùríyà wọ bàtà, ó jáde.

Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n kọ sí géètì náà, ọ̀dà sì ti ṣàn láti ara rẹ̀ dé ilẹ̀. Nùríyà kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ọ̀dà náà kò kúrò, ó kàn ń tàn kiri ni, títí ìsàlẹ̀ géètì fi pọ́n, tí ọwọ́ òun náà sì pọ́n. Àwọn ará àdúgbò ń wò láti ojú fèrèsé. Nígbà tó pẹ́, bàbá dókítà ṣílẹ̀kùn. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, aṣọ ilé ló sì wọ̀.

“Ẹ dìde, ìyá. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

Ó mú wọn wọlé, wọ́n gbé tíì wá. Nùríyà kò fọwọ́ kàn án. Àlejò tó bá ní ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu kì í fẹnu kan ife onílé títí onílé yóò fi gbà fún un, olùkọ́ àgbà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ mu tíì, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ jẹ́ kó lọ fọwọ́ sí ìwé náà, màá mu ún.”

“Wọ́n á pa ọmọ mi lójú ọ̀nà.”

“Màá jókòó tì í nínú ọkọ̀. Kí wọ́n pa wá pọ̀.”

“Tó bá fọwọ́ sí i, tí Bàbá Ràsánì wá gba oògùn náà, tí wọ́n sì kú, kí ni ẹ̀gbọ́n wọn máa sọ?”

Nùríyà mọ ohun tí Mutáṣárì yóò sọ. Ohùn Dókítà Níbrásì jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá.

“Ìyá Ràsánì, oògùn náà gan-an, mi ò lè búra fún yín pé...”

“Dákẹ́!” ni bàbá rẹ̀ wí. “Òótọ́ ẹ ló kó wa dé ibi tá a wà yìí.”

Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Olùkọ́ àgbà náà wo ife tó ti tutù, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ lọ mú ẹ̀gbọ́n wọn wá pẹ̀lú olórí ìran yín. Kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu níbí pé ọ̀ràn ti tán. Bí wọ́n bá ti lè sọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá wa ọmọ náà lọ sí ọsibítù.”

Wọ́n bá Mutáṣárì ní gbọ̀ngàn àlejò ìran wọn, láàárín àwọn ọkùnrin, níbi tí kọfí ti ń lọ yí ká. Obìnrin kì í wọbẹ̀. Nùríyà wọbẹ̀. Ó tú ìborùn dúdú rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì dúró pẹ̀lú irun funfun rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹni tó ń bu kọfí dáwọ́ dúró. Kò sí ọkùnrin wa tí ìborùn ìyàwó ilé bá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ tó lè tún máa ja ìjà tó ń jà. Mutáṣárì dìde, ó gbé e, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi bò ó lórí.

“Ó tán, ìyàwó. Ó ti tán. Mo fi Àbáàsì, ẹni mímọ́ wa, búra.”

Ayọ̀ ńlá bá Nùríyà lójú ẹsẹ̀. Ó rò pé wọn yóò dìde. Wọn kò dìde. Olórí ìran wà lóko, ó di dandan kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní wọn kò lè lọ láìsí àlùfáà onílàwàní dúdú tó máa ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, àlùfáà sì ń sun oorun ọ̀sán. Ẹnì kan ní aṣọ ìlékè Mutáṣárì kò bá irú ìjáde bẹ́ẹ̀ mu, wọ́n rán ènìyàn lọ mú òmíràn. Ràsánì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi fóònù sọ ọ́. Arúgbó kan rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣé a ń fi fóònù parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni?”

Ọ̀dà yẹn, àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì nírùngbọ̀n ló kọ ọ́ lóru, kò gbà wọ́n ju kí ènìyàn mu sìgá tán lọ. Láti pa á rẹ́, àfi kí odidi agbo àgbà kọ́kọ́ sùn, kí wọ́n jí, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n wá aṣọ. Inú máa ń bí mi títí dòní bí mo bá rántí.

Nùríyà fi Ràsánì sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó yà sílé gbé oúnjẹ rẹ̀, ó sì lọ sí ọsibítù.

Láfítà ń gbọ̀n. Ooru wọ́ọ̀dù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sè ènìyàn, òun sì fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ìyá Ràsánì, òtútù yìí kò mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà,” ni Láfítà wí.

“Ẹ jẹun díẹ̀.” Ó fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Láfítà gbé e mì pẹ̀lú wàhálà.

“Kò níyọ̀.”

“Àwọn dókítà ló ní kí n má fi iyọ̀ sí i.”

“Àwọn dókítà wo? N ò rí dókítà kankan lónìí.” Ó wo àjà. “Ṣé inú ẹ̀gbọ́n mi ti rọ̀?”

“Ó ti rọ̀. Wọ́n ń lọ parí ẹ̀.”

“Wọ́n á kọ́kọ́ mu kọfí,” ni Láfítà wí, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa ojú dé. Mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó wá ń fà. Nùríyà pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní òun ń lọ pe dókítà, ó lọ, kò sì padà. Nùríyà sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lu ilẹ̀kùn kan, ó lu òmíràn, ó ń pariwo pé ẹ gbà mí, ẹ jọ̀ọ́, n ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, n ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà nínú yàrá kan, ó gbọ́ ìró àga rẹ̀. Wọn kò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó padà, ẹnu Láfítà ṣí sílẹ̀, kò sì fi í mí mọ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Ràsánì ni, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀. “Ìyá! Wọ́n ti gbà! Wọ́n ti mu tíì! Dókítà Níbrásì àti bàbá ẹ̀ ti wọ ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀! Ìyá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

Ó ń gbọ́ ọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ó gbé fóònù náà sórí ibùsùn, ó sì ké. Ràsánì gbọ́ igbe náà. Olùkọ́ àgbà gbọ́ ìròyìn náà lórí fóònù láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ padà sílé lójú afárá nítorí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀.

Mutáṣárì wọ wọ́ọ̀dù nínú aṣọ ìlékè aláwọ̀ wúrà, àwọn ọkùnrin ìran rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, òórùn kọfí ń jáde lára wọn. Ó rí àbúrò rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ òkú náà mú lórí aṣọ ìbora, ó sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin dókítà kan tó yọjú. Mutáṣárì nu ojú rẹ̀.

“Kí ló pa á?”

Dókítà náà wo aṣọ wúrà, ó wo àwọn ọkùnrin tó kún ẹnu ọ̀nà.

“Ọkàn wọn ló ṣíwọ́, Bàbá. Kádàrá ni.”

“Kádàrá ni,” ni Mutáṣárì wí. Ó na ọwọ́, ó bọ dókítà náà lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Olu náà ńkọ́?” ni Nùríyà bèèrè.

“Olu wo, Ìyá?”

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wo ojú rẹ̀. Wọ́n gbé Láfítà jáde. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin náà fi àkísà nu ibùsùn lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́ aṣọ mìíràn. Obìnrin kan ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti abọ́ oúnjẹ lórí itan ọkọ náà. Wọ́n ti ń retí ibùsùn láti àárọ̀. Nùríyà di apá rẹ̀ mú.

“Má jẹ́ kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Olu wà níbẹ̀. Olu ló pa ọkọ mi, kò gbọ́ oògùn. Mú un lọ sílé, ìyá mi, mú un lọ síbòmíràn.”

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó yíjú sí dókítà.

“Ẹ má dá wọn lóhùn,” ni dókítà wí jẹ́jẹ́. “Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n.”

“Háà. Ọlọ́run á tù yín nínú, ìyá,” ni obìnrin náà wí. Ó rọra yọ ọwọ́ Nùríyà kúrò ní apá rẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ mú lábẹ́ abíyá, òun àti nọ́ọ̀sì sì gbé e sórí ibùsùn náà.